Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Olùkọ́: Ọ̀dọ́ tí Ọpọlọ Rẹ̀ Farapa

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti kan ilé púpọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí a kì í sì í sábà gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ gùn tó 50 kìlómítà, ọkọ̀ ẹrù ńláńlá àti ọ̀kadà ni ó sì jọ ń rìn ín. Bí ọ̀kadà bá ṣubú, ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ a máa jiná. Ìbẹ̀rù wa ni pé kí orí má kan ilẹ̀. Nígbà tí a bá gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, tí kò sì kú, gbogbo ará ilé a dúpẹ́, wọn a sì rò pé ọ̀ràn ti parí. Ní òtítọ́, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ sí ọwọ́ ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́. Lórí iṣẹ́ ẹ̀yìn yìí ni a fẹ́ dúró sí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ṣe ọpọlọ. Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo ju kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Agbárí líle ni ó yí i ká. Bí orí bá gbá ilẹ̀ lójijì, ọpọlọ a mì, a sì gbá ara agbárí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ a já, ọpọlọ a sì wú. Nítorí pé agbárí kò lè fẹ̀, ibi tí ó wú yóò máa fún èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè ṣubú, kí ó dìde, kí ó bá wa sọ̀rọ̀, kí ó sì dákú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń bì, tí orí ń fọ́ kíkankíkan, tàbí tí ó ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Kí a má ṣe tẹ́ ẹní fún un.

Ìgbà kan wà tí kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó mọ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọmọ Awẹ́, ìlú tí ó fara kan Ọ̀yọ́, ni ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ: Latunde Odeku, tí a bí ní 1927. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà dé Ìbàdàn ní 1962, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH. Ó kú ní 1974, kò tí ì pé ẹni 50 ọdún. Bí àwọn ará Awẹ́ bá ń fi í yangàn, a kò bá wọn jà. Ní ọdún 1974 yìí kan náà ni dókítà méjì ní Glasgow, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a ń lò títí di òní. Wọ́n ń wo bí aláìsàn ti ń la ojú, bí ó ti ń fọhùn, àti bí ó ti ń gbé ara. Ẹni tí ó jí kedere a gba 15. Ẹni tí kò mira rárá a gba 3. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ju 8 lọ ni a ń kà sí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa gidigidi. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn dókítà ń pe iye wọ̀nyí lẹ́bàá ibùsùn, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Òṣùwọ̀n náà kò lè sọ fún wa tán ibi tí ọmọ náà yóò bá a dé lẹ́yìn ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó dákú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé yóò jí bí ẹni tí ó jí lójú oorun? Rárá o. Yóò la ojú láìmọ ẹnikẹ́ni. Yóò fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ìyá rẹ̀. Yóò bèèrè ohun kan náà nígbà ogún láàárín òwúrọ̀ kan. Ó lè bú ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé apá òsì ọpọlọ ni ó farapa, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò rọ, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú sì lè ṣòro fún un. Àwọn aládùúgbò yóò máa sọ̀rọ̀ èpè àti àwọn ọ̀tá ilé. Kí ìyá má ṣe fetí sí wọn. Ibi tí ọpọlọ ti farapa ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ tí kò lè gbé ara rẹ̀ ni a óò máa bá a gbé. Kí a ná ìka, kí a ká ọrùn ọwọ́, kí a gbé apá sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ físíò ti fi hàn wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, oríkèé a gan, ohun tí ìbá sì ti bọ̀ sípò kò ní lè bọ̀ mọ́. A kò gbọdọ̀ di apá tí ó rọ mú kí a fi fa aláìsàn dìde, nítorí èjìká lè yẹ̀. Nígbà tí kò bá tí ì lè yí ara rẹ̀ padà, kí a máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa dá sí i ní ìdí. Kí ó jókòó ṣánṣán kí a tó fún un ní oúnjẹ. Omi lásán a máa tètè sá gba ọ̀nà èémí ju ògì tí ó ki lọ. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, wọn a sì máa da omi sí ọmọ lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò láti 1966. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ ìṣègùn àwọn Onítẹ̀bọmi bí, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú a máa wọ ilé lára, nítorí náà ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ dá rìn dé ẹnu ọ̀nà, a ó ní ó tó. Kò tíì tó. Ìtẹ̀síwájú a máa yára jù ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ṣì ń rí ìyípadà ní ọdún kejì àti ọdún kẹta. Bí owó kò bá tó láti lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a bẹ oníṣẹ́ náà pé kí ó kọ́ ẹnìkan nínú ilé, kí a sì máa padà lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wárápá lè tẹ̀lé ìpalára yìí pẹ̀lú. Bí dókítà bá fún un ní oògùn rẹ̀, kí a má ṣe dá a dúró fúnra wa nítorí pé oṣù mẹ́ta kọjá tí kò ṣe é.

Èyí tí ó nira jù fún ìdílé ni ìwà tí ó yípadà. Ní ọjọ́ 13 oṣù September, 1848, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, ọ̀pá irin kan tí ó gùn ju mítà kan lọ gba agbárí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ojú irin kan kọjá. Phineas Gage ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 25. Kò kú, ó rìn, ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé kì í ṣe Gage tí àwọn mọ̀ mọ́, nítorí ó di oníbìínú àti ẹni tí kì í dúró lórí ìpinnu. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Chile, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún ọdún díẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan rò pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ó ní àkókò àti ètò yìí ni ó ràn án lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ mú. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ wa jí ní àkókò kan náà, kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sinmi, kí a sì fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá bínú, kí a dín ariwo kù, kí ènìyàn kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi okùn dè é.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ yìí yóò padà sí kíláàsì yín. Ojú rẹ̀ yóò dán, àpá orí rẹ̀ yóò ti wà lábẹ́ irun, ẹ ó sì rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ má ṣe nà án nítorí ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níwájú. Ẹ pa àṣẹ kan fún un lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ nǹkan sí. Wákàtí méjì lóòjọ́ lè tó ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àárẹ̀ ọpọlọ kì í hàn lójú. Kọ́lẹ́jì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ tí ó ní àìlera ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1985. Kò jìnnà sí ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn.

Ní ti ọ̀kadà, ní January 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú ẹni tí kò dé àṣíborí, àwọn kan ń dé igbá. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí là, pàápàá orí tí ó ti farapa rí. Kí ọ̀dọ́ náà má ṣe wa ọ̀kadà títí dókítà yóò fi gbà fún un. Bí ó bá sì di dandan pé kí a fi ọ̀kadà gbé e, kí ó dé àṣíborí tòótọ́, kí a so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ìwé kékeré tí a mẹ́nu kàn yẹn, kí ìyá náà máa kọ ọjọ́ tí wárápá bá ṣe é, oorun tí ó sùn àti oògùn tí ó lò sí i, kí ó sì mú un lọ fún dókítà nígbà tí wọ́n bá padà lọ.