Ọwọ́ Kẹta: Ẹ̀kọ́ Lórí Fáìsì Nínú Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti gé irin nínú ilé ara rẹ̀ rí yóò jẹ́rìí pé ọwọ́ méjì pàápàá kì í tó nígbà mìíràn. Ọwọ́ kan di ayùn mú, ìkejì ń darí rẹ̀. Ta ni yóò wá di irin náà mú? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a sì ké sí ọmọ wọn pé kí ó wá bá wọn dì í mú. Ibẹ̀ ni ayùn ti ń yọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Irinṣẹ́ tí a ṣe láti jẹ́ ọwọ́ kẹta fún ènìyàn ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fáìsì. Òun ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí nínú ìwé ìrántí ọdún yìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kò ní ṣàìrántí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 kalẹ̀ ní ọdún 1982, ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí Intro Tech wọ inú ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì kó irinṣẹ́ wá fún un láti òkè òkun. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, inú àpótí ni àwọn irinṣẹ́ náà wà tí ìpẹtà fi bá wọn. Ní àwọn ibòmíràn, a lò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Lónìí, àwọn tí ń ra irin àlòkù lórí ìwọ̀n ń kó irú wọn lọ síbi tí a ó ti yọ́ wọn. Nítorí náà, bí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa fáìsì nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa náà ni à ń sọ.

Kí ni fáìsì?

Fáìsì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì. Ọ̀kan dúró gbọin, a dè é mọ́ tábìlì iṣẹ́. Èkejì ń rìn síwájú àti sẹ́yìn. Ọ̀pá onítíréèdì ni ó so méjèèjì pọ̀, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà nínú tí ọ̀pá náà ń wọ̀, ọwọ́ irin sì wà níwájú tí a fi ń yí i. Bí a bá yí ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò rìn ní ìwọ̀n àlàfo tíréèdì kan péré.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ físíìsì, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní orí ọwọ́ fáìsì jìnnà sí àárín ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà 20, àlàfo tíréèdì sì jẹ́ mìlímítà 6. Nínú yíyí kan, ọwọ́ wa yóò rìn tó sẹ̀ǹtímítà 126, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì rìn ní mìlímítà 6. Bí kò bá sí ìdènà kankan, agbára wa ìbá di ìlọ́po 210. Ṣùgbọ́n irin ń fi ara ha irin, ìfarahanra yìí sì ń jẹ ju ìdajì agbára náà lọ. Kí a má ṣe bínú sí i: òun gan-an ni kò jẹ́ kí fáìsì tú fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá gbé ọwọ́ kúrò. Ohun tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ wa náà ni ó ń bá wa di iṣẹ́ mú. Èyí tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ju agbára ìka ènìyàn lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Irú mẹ́ta tí ó yẹ kí a mọ̀

Èkíní ni ti oníṣẹ́ irin. Orí tábìlì ni ó máa ń jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ní ojú ṣákaṣàka kí irin má baà yọ̀. Ìbú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Íńṣì 4 tàbí 5 tó fún ilé.

Èkejì ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Abẹ́ etí tábìlì ni a ń dè é mọ́, kí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ má baà ga ju ojú tábìlì lọ. A sì máa ń fi pákó tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nínú, kí irin má baà tẹ ojú igi bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti alágbẹ̀dẹ, tí ó ní ẹsẹ̀ gígùn tí ó dé ilẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ti ní ẹ̀mú láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ẹ̀mú ń gba ọwọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Fáìsì ń dá ọwọ́ méjèèjì padà fún un. Irin rírọ ni wọ́n fi ń ṣe irú ẹ̀kẹta yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé ìró òòlù lọ sínú ilẹ̀. Òun nìkan ni ó yẹ kí a máa lu irin gbígbóná lórí rẹ̀ pẹ̀lú òòlù ńlá. Irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ti orí tábìlì, irin tí a yọ́ tí a sì dà. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè ru ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń là.

Ibi tí a ti lè rí ògbólógbòó

Kò pọn dandan kí a ra tuntun. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fáìsì àtijọ́ tí a ń rí nílẹ̀ wa ti wá. Orúkọ Record, tí ilé iṣẹ́ C. & J. Hampton ṣe nígbà náà, ni ó gbajúmọ̀ jù, àwọ̀ búlúù ni a sì fi ń dá a mọ̀. Paramo náà wá láti àdúgbò kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Parker ti ìlú Meriden ní Connecticut bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fáìsì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ilé iṣẹ́ Wilton bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1941, ẹ̀yìn fáìsì rẹ̀ sì rí roboto bí ọta ìbọn. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa tí ẹ wà lókè òkun lè rí irú wọn níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ta ẹrù ilé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ lọ sí Ọwọ́dé Onírin ní Èkó, tàbí ọjà Gate ní Ìbàdàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tàn yín jẹ. Mo ra ọ̀kan nígbà kan tí ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Oṣù kan kò pé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ṣẹ́ sí méjì lójú iṣẹ́. Ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ ni mo ti rí pútì tí wọ́n fi dí ibi tí ó ti là tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí kí n tó sanwó:

1. Ẹ ṣí i títí dé òpin, kí ẹ sì tì í padà. Bí ó bá ń le níbì kan tí ó ń rọ̀ níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá rẹ̀ ti tẹ̀.

2. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ yí i bọ̀. Bí ó bá yí tó ìdajì kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mira, tíréèdì ti jẹ púpọ̀.

3. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Òkè ni ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé. Àlàfo tín-ín-rín nísàlẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Àlàfo lápá kan ni kò dára.

4. Níbi tí ẹ bá fura sí, ẹ ha ọ̀dà kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Bí ó bá ti là, kẹrosíìnì tí ó wọ inú rẹ̀ yóò jáde, yóò sì fa ìlà dúdú sínú ṣọ́ọ̀kì náà.

Bí a ti ń sọ ọ́ di ọ̀tun

Ìpẹtà lójú kì í ṣe ikú fún fáìsì. Ẹ tú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń rìn jáde pátápátá, ẹ yọ nọ́ọ̀tì inú rẹ̀, kí ẹ sì rẹ gbogbo wọn sínú kẹrosíìnì tàbí dísù di ọjọ́ kejì, níbi tí iná kò sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì nù wọ́n gbẹ. Nínú ọ̀dà àtijọ́, òjé lè wà, májèlé sì ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi pépà ha á ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ máa fẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Bí ẹ bá fẹ́ kun ún lọ́dà, ẹ má ṣe kun ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀pá onítíréèdì, tàbí ibi tí irin ti ń yọ́ lórí irin. Gíríìsì ni kí ẹ fi sí tíréèdì, kí ẹ sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ibi yòókù.

Bí a ti ń gbé e kalẹ̀

Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká ọwọ́ yín sókè; ibi tí ìgúnpá dé ni ó yẹ kí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fáìsì irin dé. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀yìn yóò máa dun yín. Bí ó bá ga jù, èjìká yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Orí ẹsẹ̀ tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe àárín tí pákó ti ń mì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó dúró yọ díẹ̀ kọjá etí tábìlì, kí irin gígùn lè ṣe é fi há a lóòró kí ó sì gúnlẹ̀ láìkan tábìlì. Ẹ fi bóòtù la pákó kọjá, kí ẹ fi wáṣà fífẹ̀ àti nọ́ọ̀tì dì í lábẹ́. Ìṣó kò tó.

Bí a ti ń lò ó

Àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ibi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ kí a lo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wá ohun tí ó nípọn bákan náà kí ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà wọ́. Bí ẹ bá ń gé irin, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ ń gé súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá jìnnà, irin yóò máa gbọ̀n, eyín ayùn yóò sì máa kán. Fún ohun tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, ẹ fi bàbà, alumíníọ̀mù tàbí awọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ má ṣe ki páìpù bọ ọwọ́ fáìsì láti fi kún agbára. Gígùn tí àwọn tí ó ṣe é fún ọwọ́ náà ni ìwọ̀n tí ara rẹ̀ lè gbà. Ẹni tí ó bá fi páìpù yí i ń béèrè ju ohun tí irin ṣèlérí lọ, irin yóò sì dá a lóhùn lọ́jọ́ kan.

Kíkójọ wọn

Fáìsì a máa wọ ènìyàn lójú. Ẹni tí ó bá tún ọ̀kan ṣe yóò fẹ́ tún èkejì ṣe. Kò ní pẹ́ tí igun ilé yóò fi kún. Kò burú. Ilé tí ó ní fáìsì irin kan, ti igi kan, àti kékeré kan tí a lè gbé káàkiri ti ní ohun tí ó tó fún iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí a fi ń kó wọn jọ. Olúwa wa kìlọ̀ fún wa nínú Ìhìnrere Mátíù orí kẹfà nípa ìṣúra ayé tí ìpẹtà ń bà jẹ́. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé tó ẹni tí ń kó irin jọ! Fáìsì tí à ń lò lójoojúmọ́ kì í tètè dípẹtà, nítorí ọwọ́ ń kàn án, ọ́ìlì ń kàn án. Èyí tí a kàn tò kalẹ̀ fún ojú ni ìpẹtà ń jẹ ní ìdákẹ́jẹ́.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní iṣẹ́ kékeré kan lẹ́nu fáìsì lójú yín: kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n fi fáìlì tún ojú rẹ̀ ṣe, kí wọ́n lù ú ní ihò méjì, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di ìkọ́ tí a ó máa fi aṣọ kọ́. Ọmọ tí ó bá rí aṣọ bàbá rẹ̀ lórí ìkọ́ tí òun ṣe kò ní fojú kéré oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹni tí ó bá ní fáìsì tí kò lò, kí ó mú un wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò ní, kí ó mú búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosíìnì wá, kí a jọ tún àwọn tí ó wà nílẹ̀ ṣe, kí oní-ìwọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bẹ́sálẹ́ẹ̀lì tí Ẹ́kísódù orí kọkànlélọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún Ẹ̀mí Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Olúwa wa fúnra rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kí a má ṣe jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tọ́ ọmọ tí ó mọ ìwé ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́.