Yíyan Èbù Iṣu

Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: èwo la máa ń gbìn nínú iṣu wa? Èyí tó tóbi, a tà á. Èyí tó dán, a gún un. Èyí tó kù, tó tín-ín-rín, tó ní egbò lára, òun la sọ di èbù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, iṣu á máa kéré sí i, a ó sì máa sọ pé ilẹ̀ ló ṣá. Ilẹ̀ kọ́ o. Èbù ni.

Ìgbà tí ewé ṣì tutù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan èbù. Ẹ rìn yí oko ká. Ìtàkùn tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn. Èyí tí ewé rẹ̀ ṣe tótòtó, tó sì ká kò, àrùn wà lára rẹ̀. Ẹ má mú èbù níbẹ̀, nítorí àrùn náà á bá èbù lọ sí oko ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí a bá wa iṣu tán, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ le. Èyí tó rọ̀ ti ń rà.

2. Ẹ wo ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní ihò, tàbí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun.

3. Ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo iṣu funfun bá ní àmì pupa rúsúrúsú tàbí dúdú, aràn kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ti wọ̀ ọ́. Bí a bá gbìn ín, aràn náà á wọ inú ebè.

4. Odidi ọmọ iṣu tó wọn ìdajì kílò dára fún èbù.

Bí a bá fẹ́ gé iṣu ńlá, kí á rántí pé orí máa ń tètè hù ju àárín àti ìdí lọ. Kí á gbin orí sọ́tọ̀. Kí èèpo wà lára èbù kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀hù ti ń yọ. Kí á fi eérú pa ojú ibi tí a gé, kí ó sì gbẹ kí á tó gbìn ín.

Ìyá kan lè ní, “Ṣé kí n gbé iṣu tó dára pamọ́, kí àwọn ọmọ mi máa wò ó?” Ọ̀rọ̀ náà le. Síbẹ̀, ẹ yọ ti èbù sọ́tọ̀ kí ẹ tó tà, kí ẹ sì tó jẹ. Iṣu díẹ̀ tí a kò jẹ lọ́dún yìí ni oúnjẹ àwọn ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè
1. Nígbà wo ni à ń so okùn mọ́ ìtàkùn?
2. Kí ni à ń wò lábẹ́ èèpo iṣu?
3. Èbù wo ló máa ń tètè hù?