Ẹ Mọ Ẹni Tí Ẹ Ń Ṣe Kí Ẹ Tó Gbé Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣe àwàdà, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi àgbà ni pé ibo ni ká gbé eré wa lọ: ṣé orí ìtàgé ni, ṣé rédíò, àbí Instagram? Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ta ni ẹ fẹ́ gbé lọ? Ẹ̀fẹ̀ máa ń gbó, ibi ìṣeré máa ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ìwà rẹ̀ gan-an ń pani lẹ́rìn-ín lè bá ẹgbẹ́ dé ibikíbi. Ẹ wo Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Orin háiláìfù ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀. Láti orí ìtàgé ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn, ó sì di sinimá nígbà tí Ọ̀run Mooru jáde ní 1982. Bàbá Sàlá ahun kan náà tó fi aago orí tábìlì ṣe aago ọwọ́, tó so bótáì gbàgìdì mọ́rùn, ni wọ́n ń rí níbi gbogbo. Àwọn olè da fíìmù yẹn kọ, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀, gbèsè sì wọlé tọ ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀ fíìmù Ààrẹ Àgbáyé tẹ̀ lé e ní 1983, torí ẹni tó jí fíìmù kò lè jí Bàbá Sàlá.

Ẹnì kan lè ní, rédíò tí kò sẹ́ni tó máa rí aago ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi pe ìwà, tí n kò pe aṣọ. Ẹ ní kí ahun san owó ọkọ̀: yóò húkọ́, yóò tún iye náà pè jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, yóò wá bèèrè bóyá ibi tí wọ́n ń lọ kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn. Kí ló kù tí olùgbọ́ kò tíì rí? Ohun tó ń pa eré rédíò ni kí ohùn òṣèré mẹ́ta jọra. Ẹ máa pa iná nígbà ìgbáradì, kí ẹni tí kò mọ eré náà jókòó sínú òkùnkùn. Bí kò bá dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀, ẹ pààrọ̀ òṣèré. Ti fóònù, ìdàkejì ni: ẹ pa ohùn fídíò, kí ẹ wò ó bóyá ahun ṣì hàn.

Àwọn míì ní ìṣẹ́jú kan kò tó láti fi ẹnikẹ́ni han ayé, pé ẹ̀fẹ̀ ni ká máa sáré jù sílẹ̀. N kò gbà. Nínú fídíò rẹ̀, Mr Macaroni kì í tíì pe "Ooin" rẹ̀ tán tí a ti mọ̀ pé bàbá olówó tó ń sá tọ ọmọge kiri ló dé. Ìfáàrà ni àsìkò kúkúrú gbà lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ́ tíátà ayé Ògúnǹdé a máa fi orin àti ijó ṣí eré; èrò orí fóònù kò ní dúró dè yín, àtàǹpàkò rẹ̀ ti fẹ́ ti fídíò yín kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kọ̀ńdọ́ ti nawọ́ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ahun. Wọ́n tún ń sọ pé ẹgbẹ́ ń náni lówó, pé nínú fídíò rẹ̀, Taaooma nìkan ń ṣe ìyá, ó ń ṣe bàbá, ó ń ṣe ọmọ. Ẹ wò ó dáadáa: kò pa ẹgbẹ́ tì, ó kó ẹgbẹ́ sínú ara rẹ̀ ni. Ìyá ní ohùn àti ìgbátí tirẹ̀, ọmọ ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Àwàdà ń fẹ́ ẹni tí wàhálà yóò já lé lórí. Ẹ mú Délé kúrò lọ́dọ̀ Wòlíì Àgbà nínú àwàdà wọn, ìwàásù ni yóò kù, ìwàásù náà kò sì ní gún.

Ti pé ẹ̀dá kan náà yóò sú èrò, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ibi tí ẹ gbé e sí ni kí ẹ yí padà: ahun níbi ìsọmọlórúkọ, ahun ní ọsibítù, ahun tí àna rẹ̀ wá kí lọ́sàn-án gangan. Ìpínyà ẹgbẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ̀dá bá jẹ́ ọrọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ń lọ yóò fẹ́ gbé e lọ. Kí fídíò àkọ́kọ́ tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i: ta ló ni orúkọ ẹ̀dá náà, ta ló ni ìmúra rẹ̀, ọwọ́ ta ni pásíwọọ̀dù YouTube wà, báwo sì ni owó rẹ̀ yóò ṣe pín bí ẹnì kan nínú yín bá kú.