Ẹ Ka Fáìlì Náà Tán Kí Ẹ Tó Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ kóòdù, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mo ń rí bí ẹ ṣe ń sáré. Ẹ̀ ń fa sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba wálẹ̀ láàárọ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá sì ti ń yìn yín. Inú mi ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni fáìlì tí ẹ kì í ṣí wò rárá, èyí tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà kọ ìpinnu wọn sí, tí ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tó bàjẹ́ jù.

N ó fi Axis2 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣì wà lábẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Apache Software Foundation ló ń gbé e jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà kan lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí èkejì sì dáhùn, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ sọ́fítíwíà ẹni tó ń béèrè. Bí báńkì bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí oníbàárà mú wá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, irú ọ̀nà báyìí ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè gbà. SOAP ni orúkọ ìlànà tí ìbéèrè àti ìdáhùn náà ń tẹ̀lé. Àwọn kan nínú yín á ní SOAP ti di ti àtijọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lónìí. Ẹni tí wọ́n bá gbà sí ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́ lè bá a níbẹ̀, òun ni wọn ó sì ní kó máa tọ́jú rẹ̀.

Nínú fódà conf, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ axis2.xml. Ẹ ṣí i. Ẹ ó rí orúkọ ìwọlé alábòójútó níbẹ̀: admin. Ẹ ó rí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀: axis2. Gbogbo ayé ló lè rí i, nítorí inú kóòdù gbangba ló wà. Àwọn tó kọ ọ́ fi í síbẹ̀ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè tètè rọ́nà wọlé dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ojú-ewé alábòójútó yẹn lè gbé fáìlì iṣẹ́ tuntun, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .aar, sórí sáfà, sáfà á sì ṣe ohun tí fáìlì náà bá ní kó ṣe. Ní ọdún 2010, ó hàn sí gbangba pé SAP, ilé-iṣẹ́ ńlá ti Jámánì, ti gbé Axis2 sínú BusinessObjects, ọjà rẹ̀, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù kan náà láìyí i padà. Nọ́ńbà CVE-2010-0219 ni wọ́n fi kọ àléébù náà sílẹ̀, ọjà ilé-iṣẹ́ CA kan sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Àwọn tí iṣẹ́ yé ni wọ́n o! Ìlà méjì péré nínú fáìlì kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù yẹn padà, kí ẹ sì mú ojú-ewé alábòójútó kúrò lójú íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ó jẹ́ inú ilé-iṣẹ́ nìkan ni ènìyàn ti lè dé ibẹ̀. Ẹ yọ iṣẹ́ àpẹẹrẹ tó bá a wá, èyí tó ń jẹ́ version, torí ó ń sọ ẹ̀dà tí ẹ ń lò fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ẹ wo ìlà hotdeployment: true ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé fáìlì tó bá ṣáà ti bọ́ sínú fódà services á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dára nígbà tí ẹ ń kọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Níbi tí owó oníbàárà bá wà, ẹ sọ ọ́ di false.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Rampart, módùùlù tó ń bójú tó ààbò fún Axis2. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó kó fáìlì Rampart sínú fódà modules, tó wá fọkàn balẹ̀ pé sáfà ti ń yẹ ìbuwọ́lù gbogbo ìbéèrè wò. Wíwà nínú fódà kọ́ ni ṣíṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú services.xml tàbí nínú axis2.xml pé kó wọṣẹ́, kí ẹ sì kọ òfin tí yóò máa tẹ̀lé sílẹ̀ fún un. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí á máa wọlé wẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ó sàn kí Rampart má tilẹ̀ sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ààbò á máa ṣọ́ra. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ fi ìbéèrè tí kò ní ìbuwọ́lù ránṣẹ́ fúnra yín. Bí sáfà bá kọ̀ ọ́, ó dára. Bí ó bá dáhùn, ẹ má tíì lọ sílé.

Gbogbo àyípadà wọ̀nyí, ẹ fi wọ́n sínú Git, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páásíwọ́ọ̀dù gidi kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá pa á rẹ́ lónìí, ti àná ṣì wà nínú ìtàn rẹ̀.

Lẹ́yìn títò àwọn fáìlì wọ̀nyí, ìtọ́jú ló kù, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń sá fún. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2017, àwọn tó ń tọ́jú Apache Struts, sọ́fítíwíà mìíràn tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, kéde àléébù kan nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè aráàlú jọ, kò fi àtúnṣe yẹn sí ibi tó yẹ kó wà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, olè ti wọlé, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òpin oṣù Keje. Àṣírí nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àléébù inú láíbúrárì Log4j hàn sí gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń lò ó, torí sọ́fítíwíà mìíràn ló gbé e wọlé. Ẹ ní àkọsílẹ̀ gbogbo láíbúrárì tó wà lórí sáfà yín àti ẹ̀dà wọn. Bí ẹ bá rí Axis àkọ́kọ́ níbẹ̀, èyí tó ṣáájú Axis2, ẹ mọ̀ pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti kúrò lórí rẹ̀.

Ta ni ń ṣe gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí? Àwọn ènìyàn bíi tiyín ni. Nígbà tí Rob McCool kúrò ní NCSA, ibùdó ìwádìí kọ̀ǹpútà ní Illinois, ní ọdún 1994, àwọn tó ń lo sáfà wẹ́ẹ̀bù tó kọ síbẹ̀ ń tún un ṣe, kálukú lọ́tọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, mẹ́jọ nínú wọn kó àtúnṣe wọn papọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún náà, sáfà wẹ́ẹ̀bù Apache 1.0 jáde. Axis2 fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀dọ́ Sri Lanka. Sanjiva Weerawarana, tó ti ṣiṣẹ́ ní IBM tó sì wà lára àwọn tó dá WSDL, èdè tí a fi ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù, sílẹ̀, ló padà sí ìlú rẹ̀, tó dá Lanka Software Foundation sílẹ̀ ní ọdún 2003 kí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ lè máa kọ sọ́fítíwíà tí gbogbo ayé ń lò. Ní ọdún 2006, Axis2 1.0 jáde. Sri Lanka kéré sí Nàìjíríà lọ́nà púpọ̀, iná mànàmáná sì ti fìyà jẹ àwọn náà rí. N kò rí ohun tí wọ́n ní tí ẹ̀yin kò ní.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá lè kọ apá ńlá kan nínú irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka axis2.xml, tí ẹ sì rí ìlà kan tí ìwé-ìtọ́nisọ́nà kò ṣàlàyé dáadáa, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú Axis2. Wọ́n lè ní kí ẹ tún un kọ. Ẹ má gbà á bí ẹ̀gàn. Ní Apache, ẹni tó bá fẹ́ dènà kóòdù ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà gan-an, bí kò bá sì ní ìdí, ìdènà rẹ̀ kò dúró. Ẹ béèrè ìdí yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ṣàtúnṣe sí i, kí ẹ sì tún fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà, kó tó kúrò lọ́kàn ẹni tó kà á.