Erékùṣù Kò Ní Ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tí ìjọba ń rán lọ sí São Tomé. O kú oríire. Bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ láàárín Ìlobù àti Òṣogbo, ọ̀kadà ń bẹ, ẹsẹ̀ pàápàá ń bẹ. Ṣùgbọ́n erékùṣù kò ní ẹ̀yìnkùlé. Òkun ló yí i ká, bàálù tó ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ilé ni kó o ti parí ohun gbogbo.

1. Gba àṣẹ ní kíkọ. "Ọ̀gá ti ní kí n máa lọ" kì í ṣe àṣẹ. Lẹ́tà tó ní nọ́ńbà fáìlì àti òǹtẹ̀, tó sọ ọjọ́ àlọ, ọjọ́ àbọ̀ àti ẹni tó ń sanwó, ni kó o mú jáde láti ọ́fíìsì ìjọba ní Abéré. Ọ̀gá tó fẹnu sọ̀rọ̀ lè ti fẹ̀yìn tì kí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò tó dé, orúkọ tìrẹ ni wọ́n máa bá nínú fáìlì.

2. Má fi ECOWAS tan ara rẹ. O ti lọ Kùtọnu láìgba físà, nítorí àdéhùn ọdún 1979 tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣe, tó fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Cape Verde wà nínú ẹgbẹ́ náà. São Tomé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Equatorial Guinea tó ni erékùṣù Bioko. Pásípọ́ọ̀tù búlúù tí wọ́n fún ọ kì í ṣe físà, má sì gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Lọ béèrè físà ní ẹ́ḿbásì São Tomé ní Àbújá.

3. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà tí ìrìn àjò ṣì ku ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, má ra káàdì lásán. Ọjọ́ mẹ́wàá ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà kó tó ṣiṣẹ́ nínú ara, déètì orí káàdì ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wò. Àwọn kan wà tó máa kọ ọ́ fún ọ láìrí apá rẹ. Owó kékeré ni, ìtìjú ńlá ló ń bí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà nítorí yẹ́lò káàdì yìí. Ìjọba wa náà dá tiwọn padà, South Africa sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ta ni àforíjì dá ìpàdé rẹ̀ tó ti kọjá padà fún? Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó títí ọjọ́ ayé. Ẹni tó bá ní dandan ni kó o tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òfin àtijọ́ ló ń kà.

4. Bí ẹ bá gba Malabo ní Bioko kọjá, rántí pé sẹ́fà Kùtọnu kì í ṣe sẹ́fà ibẹ̀. Báńkì ọ̀tọ̀ ló ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò ibẹ̀ á yí i wò, á dá a padà fún ọ. Dobra ni ti São Tomé, o kò sì ní rí i lọ́wọ́ àwọn abókí tó ń pààrọ̀ owó. Mú Yúrò, nótì tó mọ́. Má gbára lé káàdì ATM.

5. Ṣọ́ ẹnu rẹ, ṣọ́ fóònù rẹ. Potogí ni wọ́n ń sọ ní São Tomé, èdè Spéènì ní Malabo. Bí ọlọ́pàá bá sọ ohun tí kò yé ọ, má kàn máa mi orí. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ní Malabo, má ya fọ́tò ààfin, sójà tàbí pápá bàálù. Ibẹ̀ ti le fún wa rí: àwa kò gbàgbé ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kó àwọn ọmọ wa kúrò ní Fernando Po, tó ń jẹ́ Bioko lónìí, nítorí ìyà tó ń jẹ àwọn lébìrà wa nínú oko kòkó lábẹ́ Ààrẹ wọn, Macías Nguema.

6. Ọjọ́ tí o bá dé ni kó o lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì Nàìjíríà. Ibi kékeré náà ní wàhálà tirẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2001 ni àwa àti São Tomé fọwọ́ sí àdéhùn epo abẹ́ òkun, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún wa, ogójì fún wọn, owó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán sí àwọn èèyàn nímú. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2003, àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀. Níbo ni Ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà? Àbújá ni, ó wá sí ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi rílé lọ, títí Ọbásanjọ́, Ààrẹ wa nígbà náà, fi sìn ín padà. Bí Ààrẹ bá lè há sílùú onílùú, kí ni ká wá sọ nípa ìwọ tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8? Ẹ́ḿbásì tí kò mọ̀ pé o wà nílùú kò ní wá ọ.

7. Òkun kì í ṣe odò Erinlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlobù rò pé ẹni tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ ní Erinlẹ̀ ti borí omi gbogbo. Omi odò ń ṣàn lọ síbì kan, o sì mọ ibi tó ń lọ. Ti òkun a máa fa èèyàn láti etí bèbè lọ sí agbami. Bó bá mú ọ, má bá a jà, má sì kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí yóò fi jọ̀wọ́ rẹ, kó o tó yà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Príncipe, erékùṣù wọn kejì, béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kó o tó gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ jù, sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mí ṣòfò nígbà tí ọkọ̀ Amfitriti rì nítòsí ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

8. Má sọ pé ẹ̀fọn ti mọ̀ ọ́. Cape Verde ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́dún 2024 pé ibà ẹ̀fọn ti kúrò níbẹ̀. Bioko kò tíì gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Sun nínú nẹ́ẹ̀tì. Kó oògùn rẹ dání nínú páálí tí wọ́n fi tà á, nítorí kóró tó wà nínú ọ̀rá kò ní orúkọ lójú kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ara rẹ bá gbóná lẹ́yìn tí o padà dé, má dojú kọ agbo nìkan. Sọ ibi tí o ti lọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn.

9. Kó rìsíìtì jọ. Èyí tí wọ́n já fún ọ nígbà tí o wọ bàálù pàápàá, má sọ ọ́ nù. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ní Abéré.