Ṣé ọmọ oṣù mẹ́rin mọ ìwé?

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa yá ìwé aláwòrán ní láíbìrì fún ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin? Bàbá rẹ̀ ní àṣedànù ni.

Ìdáhùn: Kì í ṣe àṣedànù rárá. Ọmọ ọwọ́ a máa dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ kó tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá a sọ lójoojúmọ́ ló sì fi ń kọ́ èdè. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi gba òbí nímọ̀ràn lọ́dún 2014 pé kí wọ́n máa kàwé sí ọmọ létí láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ètò Bookstart, tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1992, ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ẹlòmíì á ní ọmọ á fa ìwé láíbìrì ya. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ yá èyí tí wọ́n fi páálí líle ṣe, kí ẹ sì jọ dì í mú. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ńkọ́? Àwòrán ajá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi Yorùbá pè é. Bí ọmọ bá yíjú kúrò, ẹ pa ìwé dé. Kí bàbá rẹ̀ náà gbé e sórí itan, kó ka ọ̀kan fún un.