Ohun Mẹ́rin Tí Ọmọ Ilé Kéwú Kékeré Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kí Sáà Tó Parí

 Òpin sáà kẹta ti dé ní Kánò níbí. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn òbí ti ń bi wá pé irú aṣọ wo ni àwọn ọmọ yóò wọ̀ ní ọjọ́ ẹ̀yẹ. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni pé: kí ni ọmọ náà mọ̀?

Ètò kíláàsì, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí tí Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilori fi lélẹ̀ ní Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé lọ sí Agége ní 1955, ni ọ̀pọ̀ ilé kéwú Yorùbá ń tẹ̀ lé. Ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ tiwa, ohun mẹ́rin ni a ó fi dán àwọn ọmọ wò.

Èkínní ni ohùn lẹ́tà. Lẹ́tà 28 ni ọmọ yóò pè, kí ó má sì da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ẹ wo «qāf» àti «kāf». «Qul» ni «sọ pé», «kul» ni «jẹ». «Qalb» ni ọkàn, «kalb» ni ajá. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ń yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà láìmọ̀. Bákan náà, èdè wa kò ní ohùn «z», ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ń bá ọmọ Haúsá ṣeré ní ìta ti ní i lẹ́nu. Bí ọmọ bá pe Zamzam dáadáa, kí bàbá tí ó ń pè é ní Sámúsámù má ṣe bá a wí.

Èkejì ni súrà kíkà lórí. Fátíhà ni ìpìlẹ̀, áyà 7 ni. Lẹ́yìn náà, súrà mẹ́wàá ìparí Àlùkùránì, láti Nāsi gòkè dé Àlámú tara. Ẹni tí ó bá wọ kíláàsì kejì ni yóò máa gòkè lọ títí yóò fi parí súrà 37 tí ó wà nínú Júsù Ámà.

Ẹ̀kẹta ni àlùwàlá àti ìrun. A kò ní béèrè rẹ̀ lẹ́nu. Búútà omi ni a ó gbé síwájú ọmọ. Áyà 6 nínú súrà Máídà ti ka ibẹ̀ fún wa: ojú, ọwọ́ dé ìgúnpá, orí pípa, àti ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìṣe jù ni gìgísẹ̀, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ní gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ Ànábì kìlọ̀ gidigidi nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìtumọ̀ ní èdè Yorùbá, òun ni a sì fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ní ìparí sáà ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ka Kulihuwa láìsí àṣìṣe kankan. A ní kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì fi èdè Haúsá sọ ọ́ já geere. Ìyá àgbà rẹ̀ tí ó ti Ìwó wá jókòó níwájú. Ó bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, «Kí ni ọmọ mi wí?» Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ̀rín náà kò pa wá mọ́, nítorí àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi. Haúsá ni ọmọ tètè ń gbọ́, òun ni a sì ń fi kọ́ ọ.

A kò kẹ́gàn èdè Haúsá; òun ni a fi ń tajà, òun ni a fi ń bá aládùúgbò wa gbé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ yìí bá dé ilé, tí wọ́n ní kí ó wá ṣe wáàsí níbi àdúà òkú bàbá rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, láàárín ìrun Màgàríbà àti Ìṣáì, ẹ jókòó ti ọmọ yín. Lójúmọ́, nínú ìrun wákàtí márùn-ún, Fátíhà ń bọ́ lẹ́nu wa ní ìgbà 17. Ẹ ní kí ó kà á, kí ó sì sọ ohun tí ó ń sọ fún Ọlọ́run. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe tijú, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ yín. Bí kò bá sì tíì tó, ẹ jẹ́ kí ó tún kíláàsì náà ṣe. Aṣọ tuntun kò lè bo àìmọ̀.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.